Ère Amasónì àti Ọgbà Mathieu ní Kútọnu: Ojú Tí Ọmọ Ìṣà Fi Ń Wò Wọ́n

Lougba jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn agbègbè 9 tó para pọ̀ di ìjọba ìbílẹ̀ Bantẹ̀, ní ẹ̀ka Collines, lórílẹ̀-èdè Benin. Ilẹ̀ Ìṣà ni Bantẹ̀. Àwọn Ìṣà yìí ni ìwé ìjọba ń kọ orúkọ wọn ní Itcha, ọmọ Yorùbá sì ni wọ́n, bí àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́, Ìdáìṣà àti Kétu ti jẹ́ ọmọ Yorùbá. Ẹni tó bá kúrò níbẹ̀ lọ sí Kútọnu yóò gba Savalou kọjá, yóò já sí Ìdáìṣà tí wọ́n ń pè ní Dassa, yóò sì gba Bohicon, níbi tí Agbómẹ̀ ti wà nítòsí, kó tó dé etí òkun. Ọ̀nà náà lé ní 200 kìlómítà. Ní ayé ogun, ìhà yìí kan náà ni wọ́n ń kó àwọn ẹrú ilẹ̀ wa gbà.

Láti ọdún 2022, Kútọnu ti di ìlú ère. Àwọn ọmọ wa tó ń kàwé níbẹ̀ ń ya fọ́tò ránṣẹ́ sílé, àwọn ẹgbẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́ sì ń kó èrò lọ wò wọ́n. Ohun ìrántí ogun ni púpọ̀ nínú wọn. Ìdí tí a fi kọ àpilẹ̀kọ yìí ni pé ogun tí ère tó tóbi jù níbẹ̀ ń rántí, ó kan ilé wa. Ó yẹ kí ẹni tó ń lọ láti Lougba tàbí láti Bantẹ̀ mọ ohun tó ń wò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ ọ̀kan wò nítòsí pápákọ̀ òfurufú. Ọkùnrin kan ló wà lórí ẹṣin níbẹ̀, ère rẹ̀ ga tó mítà 10. Bio Guéra ni, ọmọ aládé Bàrìbá láti ìhà Nikki, tó ṣáájú àwọn èèyàn rẹ̀ bá àwọn Faransé jà nítorí owó orí, nítorí iṣẹ́ agbẹ́rù tipátipá àti nítorí bí wọ́n ṣe ń mú àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ sógun ní Yúróòpù. Wọ́n pa á ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1916. Yorùbá kò jẹ́ àjèjì sí ẹlẹ́ṣin Bàrìbá. Àwọn ni wọ́n wá ran Aláàfin Olúewu lọ́wọ́ nínú Ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀ ní nǹkan bí 1835, ogun tí Aláàfin àti ọba Nikki jọ kú sí. Ẹ lè wo ère yẹn pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀.

Ti Amasónì ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Orí ilẹ̀ gbalasa kan ní ẹ̀gbẹ́ òpópónà Mariná ló dúró sí, kò jìnnà sí ààfin Ààrẹ, òkun sì wà lẹ́yìn òpópónà náà. Ó ga tó mítà 30. Irin ni egungun inú rẹ̀, idẹ ni wọ́n fi bò ó lára, ìwúwo rẹ̀ sì tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 150. Li Xiangqun, oníṣẹ́ ère ọmọ Ṣáínà, ló ṣe é. Ààrẹ Patrice Talon ló ṣí i ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2022, nígbà tí àjọ̀dún òmìnira ku ọjọ́ méjì. Ọ̀dọ́bìnrin ni, ó gbé orí sókè, ìbọn àti idà kúkúrú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá dúró sí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ju àtàǹpàkò rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ náà dára, kò sí àní-àní. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, tí atẹ́gùn òkun bá ń fẹ́, tí iná bá tàn sí i lára, ojú ẹni kì í fẹ́ kúrò níbẹ̀.

Àwọn obìnrin ológun Dàhòmì ló dúró fún, àwọn tí Fọ̀n ń pè ní Agojie, tí wọ́n tún ń pè ní "ìyá wa". Àwọn òyìnbó ló sọ wọ́n ní Amasónì, látinú ìtàn àtijọ́ àwọn Gíríìkì. Ilẹ̀ Kútọnu gan-an jẹ́ ojú ogun fún wọn. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 1890, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kọlu àwọn Faransé tó ti dó sí ìlú náà, àwọn obìnrin sì wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ wọn ló kú síbẹ̀. Nígbà tí ogun tún bẹ̀rẹ̀ ní 1892, wọ́n bá ọ̀gágun Dodds jà láti ìpàdé kan sí òmíràn títí àwọn Faransé fi wọ Agbómẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá ọdún náà. Ọba Béhanzin jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ní 1894. Wọ́n gbé e lọ sí Martinique, Algeria ló sì kú sí ní 1906. Ẹni tó bá fi obìnrin wọ̀nyí ṣe àmì orílẹ̀-èdè tí kò gba kí òyìnbó jẹ gàba lé òun lórí, kò parọ́.

Àmọ́ ọdún 1890 àti 1892 ni ìparí ìtàn wọn. Kí ó tó di ìgbà náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn aládùúgbò ni wọ́n ń gbógun tì, Yorùbá ló sì pọ̀ jù nínú àwọn aládùúgbò náà.

Láti àárín ọ̀rúndún 18 títí di nǹkan bí 1820 ni Dàhòmì fi ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́. Nígbà tí Ọ̀yọ́ rẹ̀yìn, ọba Gézò kọ̀, kò san án mọ́, ìjà sì yí padà sí ìhà wa. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ti wo fíìmù The Woman King tó jáde ní 2022 rò pé Ọ̀yọ́ nìkan ni ọ̀tá nínú ọ̀rọ̀ náà, pé Dàhòmì kàn ń gbèjà ara rẹ̀ ni. Kí wọ́n lọ bi àwọn Ẹ̀gbá. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1851, Gézò kọlu Abẹ́òkúta. Àárín ìjà ni àwọn Ẹ̀gbá tó mọ̀ pé obìnrin ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gun odi wọn, inú bí wọn, wọ́n sì lé wọn padà. Glèlè ọmọ Gézò tún gbìyànjú rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 1864, kò rí i ṣe. Òkè Olúmọ, tí ṣóńṣó rẹ̀ ga tó mítà 137 sí ojú òkun, tó jẹ́ ibi ìsádi fún àwọn Ẹ̀gbá ní ayé ogun, ṣì jẹ́ ibi ìrántí fún wọn títí di òní.

Kétu kò rí irú oríire bẹ́ẹ̀. Dàhòmì kó o ní 1883. Ní 1886 wọ́n padà wá, wọ́n dó tì í títí ebi fi wọ ìlú, wọ́n sì sọ ọ́ di ahoro. Ẹ̀yìn ìgbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Agbómẹ̀ ni àwọn ará Kétu tó padà tún ìlú wọn kọ́. Ẹnubodè Àkàbà Ìdènà ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú yàrà tó yí ìlú ká. Ohun ìrántí ogun ni òun náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí idẹ lára rẹ̀.

Ilẹ̀ Ìṣà ńkọ́? A ní ẹ̀rí ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kó, ẹni yẹn sì gbé ayé pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi sọ ọ́ fún ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Kossola ni orúkọ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà wọ́n ń pè é ní Cudjo Lewis. Òǹkọ̀wé Zora Neale Hurston lọ bá a ní Alabama ní 1927 àti 1928, nígbà tó ti lé ní ẹni 80 ọdún, ó sì kọ ohun tó gbọ́ sínú ìwé Barracoon. Wọn kò tẹ ìwé náà jáde títí di 2018. Onímọ̀ ìtàn Sylviane Diouf, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 2007, yẹ orúkọ, ọ̀rọ̀ àti àṣà tí Kossola sọ wò fínnífínní, ó sì fi hàn pé ọmọ Ìṣà ni, láti agbègbè Bantẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ìhà ibòmíràn ni wọ́n ń wá ìlú rẹ̀ sí.

Ohun tí Kossola sọ nìyí, ní ṣókí. Ó jẹ́ ọmọ nǹkan bí ọdún 19. Ìdájí ni àwọn ọmọ ogun Dàhòmì dé, nígbà ìjọba Glèlè, tí àwọn ará ìlú ṣì ń sùn. Wọ́n já ẹnubodè, àwọn yòókù sì dúró ní àwọn ẹnubodè kejì láti gbé ẹni tó bá fẹ́ sá wọ igbó. Obìnrin wà lára wọn. Àwọn obìnrin náà lágbára, ó sọ, wọ́n ń mú àwọn ọ̀dọ́ mọ́lẹ̀, wọ́n sì ń bẹ́ orí àwọn arúgbó. Wọ́n mú ọba ìlú, ó kọ̀ pé òun kò ní lọ sí Dàhòmì, wọ́n sì pa á níbẹ̀. Kossola kò rí ìyá rẹ̀ mọ́ láti àárọ̀ ọjọ́ náà. Lójú ọ̀nà ó rí i tí àwọn ọmọ ogun gbé orí àwọn ará ilé rẹ̀ dání. Nígbà tó ń sọ ọ́ fún Hurston, ó lé ní ọdún 60 tó ti ṣẹlẹ̀, síbẹ̀ ó ní láti dákẹ́ kí ó tó lè tẹ̀síwájú.

Wọ́n kó wọn gba Agbómẹ̀ lọ sí Ouidah, wọ́n sé wọn mọ́ ilé ẹrú. Ọ̀gákọ̀ William Foster, tí Timothy Meaher rán, wá yan àwọn tó fẹ́ rà. Èèyàn 110 ni ọkọ̀ Clotilda kó, ó sì dé Mobile ní Alabama ní oṣù Keje ọdún 1860. Òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé láti ilẹ̀ òkèèrè léèwọ̀ láti 1808, nítorí náà wọ́n dáná sun ọkọ̀ náà kí àṣírí má baà tú. Ọdún 2019 ni wọ́n tó kéde pé àwókù rẹ̀ ti di rírí nínú odò Mobile.

Nígbà tí wọ́n dá àwọn ẹrú sílẹ̀ ní 1865, àwọn ará Clotilda fẹ́ padà sílé. Owó kò tó. Wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n dá ìlú tiwọn sílẹ̀, Africatown, wọ́n sì ń sọ èdè wọn láàárín ara wọn. Kossola bí ọmọ mẹ́fà, ó sì fún wọn ní orúkọ ilé mọ́ orúkọ òyìnbó. Àkọ́bí rẹ̀, Aleck, ni a kọ orúkọ ilé rẹ̀ sílẹ̀ báyìí: Iyadjemi. Ọmọ Yorùbá kankan kò nílò ògbufọ̀ fún "ìyà jẹ mí". Gbogbo ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló kú ṣáájú bàbá wọn. Òun fúnra rẹ̀ kú ní 1935. Ère orí rẹ̀ wà níwájú ìjọ Union Missionary Baptist ní Africatown.

Báyìí ni ìran kan láti ìhà wa ṣe ní ère méjì, ọ̀kan ní òkè òkun fún ẹni tí wọ́n kó, èkejì ní Kútọnu fún àwọn tó kó o. Ti Kútọnu ni mítà 30.

Ohun kan wà tó yẹ kí a fi kún un, nítorí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Àwọn tó ṣèwádìí nípa ẹgbẹ́ ogun obìnrin náà kọ ọ́ pé kì í ṣe ọmọbìnrin Fọ̀n nìkan ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n máa ń kó lára àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n mú lójú ogun sínú rẹ̀, wọ́n á sì tọ́ wọn dàgbà nínú iṣẹ́ náà, Yorùbá sì wà lára wọn. Nígbà tí ọmọ Ìṣà bá gbójú sókè wo ojú idẹ yẹn, ó lè jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ ló ń wò.

Láti ibẹ̀, ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn tàbí kí ẹ gun sémíjàn lọ sí Ọgbà Mathieu, ní agbègbè kan náà. Ọgbà ìgbafẹ́ ńlá ni. Koríko tí wọ́n ń gé wà níbẹ̀, igi àti òdòdó wà, ọ̀nà ẹsẹ̀ wà fún ẹni tó bá fẹ́ rìn, àwọn ọmọdé sì ń sáré káàkiri ní ìrọ̀lẹ́. Nínú ìlú tí ariwo alùpùpù kì í sinmi, ibẹ̀ ni ẹ ó ti gbọ́ ohùn ara yín. Orúkọ Mathieu Kérékou ni wọ́n fi sọ ọ́, ológun tó gba ìjọba ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 1972, tó yí orúkọ Dàhòmì padà sí Benin ní 1975, tó gbé ipò sílẹ̀ nígbà tí wọ́n fi ìbò lé e ní 1991, tí ìbò tún gbé padà wá láti 1996 sí 2006. Ó kú ní 2015.

Inú ọgbà yìí ni ohun ìrántí àwọn tó fi ara wọn jìn fún orílẹ̀-èdè wà, òpó gíga ṣóńṣó kan. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí Amasónì àti Bio Guéra ni wọ́n ṣí òun náà. Ó kó ọ̀pọ̀ òkú pọ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àwọn ará Kútọnu máa ń kọ́kọ́ rántí ni ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 1977. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ọkọ̀ òfurufú kan já àwọn ṣọ́jà tí wọ́n fowó háyà sí pápákọ̀, Bob Denard ọmọ Faransé ló ṣáájú wọn, wọ́n sì fẹ́ gba ìjọba lọ́wọ́ Kérékou. Wọ́n yìnbọn lu ìlú fún wákàtí mélòó kan. Àwọn ọmọ ogun Benin kò túká, àwọn àjèjì náà sì sá padà wọ ọkọ̀ pẹ̀lú ìkánjú tó jẹ́ pé wọ́n gbàgbé àpótí ìwé ètò wọn sílẹ̀. Ìwé náà wà lára ohun tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ṣèwádìí ọ̀ràn náà. Àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí kú ní ọjọ́ yẹn, ṣọ́jà àti ẹni tí kì í ṣe ṣọ́jà. Òpó yìí kò gbé ìbọn dání, kò sì ní ojú. Ní tèmi, òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, nítorí ẹnikẹ́ni lè dúró tì í kí ó sì rántí òkú tirẹ̀.

Orúkọ Kérékou tún ní ohun mìíràn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Kossola, ìdí sì nìyí tí a kò fi gbọdọ̀ wo ère kí a fi ọgbà sílẹ̀. Ní 1999, nígbà tó jẹ́ Ààrẹ, ó lọ sí ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú kan ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, ó kúnlẹ̀ níwájú wọn, ó sì tọrọ àforíjì fún ipa tí àwọn ọba ilẹ̀ Áfíríkà kó nínú títa ènìyàn. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ó pe àpéjọ ìlàjà sí Benin, ó sì tún sọ ọ́ níbẹ̀. Ará àríwá ni, àwọn baba ńlá tirẹ̀ kò jọba ní Agbómẹ̀. Ó lè sọ pé ọ̀ràn náà kò kan òun. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀. Láti ìdí Amasónì sí ọgbà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, kò jìnnà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àlejò ń ti ìkan bọ́ sí èkejì láìmọ̀ pé nǹkan kan so wọ́n pọ̀.

Àwọn kan lára wa ti sọ pé kí ọmọ Ìṣà má lọ ya fọ́tò níwájú Amasónì rárá, pé ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń kí ẹni tó dáná sun ilé rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ogun àtijọ́ ti tán, pé ọmọ Benin kan ṣoṣo ni gbogbo wa báyìí, Fọ̀n àti Ìṣà ti ń fẹ́ ara wọn láti ọjọ́ pípẹ́, kí a má tú ilẹ̀ òkú. Òótọ́ wà nínú méjèèjì. Èyí tí mo rí bí ohun tó ṣeé ṣe ni pé kí àgbà tó mú ọmọ lọ síbẹ̀ sọ ìtàn méjèèjì fún un lórí ìdúró kan: ti 1890, tí àwọn obìnrin yìí kú níwájú ìbọn Faransé, àti ti ìdájí tí wọ́n já ẹnubodè ìlú Kossola. Kí ọmọ náà ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́yìn náà bó bá fẹ́. Kò yẹ kí olùkọ́ tó kó ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wá láti Bantẹ̀ dúró de ẹlòmíràn láti sọ apá kejì.

Fún ẹni tó ń múra ìrìn náà: ìrọ̀lẹ́ ló dára jù, nítorí oòrùn ọ̀sán kò ṣeé dúró sí lórí ilẹ̀ gbalasa yẹn, kò sí igi. Àdúgbò ìjọba ni, ẹ má ya fọ́tò àwọn ẹ̀ṣọ́ tàbí ti ààfin. Ògiri èbúté tí àwọn ayàwòrán fi àwòrán àṣà ilẹ̀ wa kùn wà lójú ọ̀nà, ó tọ́ kí ẹ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ní ọjọ́ kejì, ẹ lọ sí Ouidah, tí kò ju nǹkan bí 40 kìlómítà lọ ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. Ẹ rin ọ̀nà ẹrú títí dé etí òkun, níbi tí Ẹnu-Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ tí wọ́n kọ́ ní àwọn ọdún 1990 wà. Létí òkun ìhà yẹn ni wọ́n ti kó Kossola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ọkọ̀.

Ẹ mú fọ́tò rẹ̀ dání bí ẹ bá rí i. Hurston ló yà á. Nígbà tó sọ fún un pé òun fẹ́ ya àwòrán rẹ̀, ó wọ aṣọ tó dára jù tó ní, ṣùgbọ́n ó bọ́ bàtà. Ó ní òun fẹ́ kó dà bíi pé Áfíríkà ni òun wà, nítorí ibẹ̀ ni òun fẹ́ wà. Ó sì ní kí ó yà á ní itẹ́ òkú, láàárín sàréè àwọn ará ilé rẹ̀.